Níbi Tí Jagun Kò Tíì Kú

Ajé, 6 Ṣẹ́rẹ́

Iṣẹ́ wọlé padà lónìí. Ọyẹ́ mú débi pé ètè mi là, eruku pápá ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣèwádìí sì kún imú mi. Ọ̀gá ní kí a yẹ gbogbo ewé tó ní àrùn wò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ní kúrò nínú ọ́fíìsì tirẹ̀.

Kí n tó jáde, Màmá béèrè, "Bàbá yín dà?" Mo ní wọ́n ti lọ sóko. Màmá ní, "Wọ́n mà tètè jáde lónìí," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ògì wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Dọ̀tun, máa ń sọ pé irọ́ ni mò ń pa fún Màmá, pé òótọ́ ló yẹ kí a máa sọ. Mo sọ òótọ́ lọ́jọ́ Kérésì. Màmá tú gèlè, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti gbàgbé, wọ́n tún béèrè ibi tí Bàbá wà. Èmi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sin bàbá mi, lọ́dún tó kọjá, ní Fìdítì. Màmá ti sin ọkọ wọn ní àìmọye ìgbà, nínú pálọ̀ yìí. N kò lè ṣe é mọ́.

Ọjọ́rú, 8 Ṣẹ́rẹ́

Ìrọ̀lẹ́ ni ìṣòro. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ara Màmá kì í balẹ̀ mọ́. Wọ́n á gbé báàgì, wọ́n á kọjú sí géètì, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ gba ẹrù lórí Bàbá. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ: bí Bàbá bá ń ti oko bọ̀, Màmá á lọ pàdé wọn lọ́nà, wọ́n á gba ẹrù náà, wọ́n á jọ rìn wálé.

Nínú oṣù Ọ̀pẹ, kí n tó yọ ọwọ́ mi kúrò nínú omi, wọ́n ti dé títì Mọ́níyà láàárín ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí Bọ̀dá gbọ́, wọ́n ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn máa wá gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ àwọn ní Ìkòròdú. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá ń gbàgbé báyìí, kò dáa kí a gbé e kúrò níbi tí ojú rẹ̀ ti mọ́, kí ìwọ̀nba tó kù lórí rẹ̀ má baà lọ. Níbí, Màmá ṣì mọ ọ̀nà kànga. Wọ́n mọ ibi tí iyọ̀ wà jù mí lọ.

Mo ti géètì, mo sì fi àga dí i. Wọ́n dúró tì í di ìgbà tí ilẹ̀ ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ṣẹ́rẹ́

Ìjà tún ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ará Odi Amọ̀, ẹgbẹ́ àwa olólùfẹ́ fíìmù Odi Amọ̀ lórí fóònù. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Najeem ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọlọ́kadà ni níbí ní Akínyẹlé. Ó béèrè ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè láàárín wa: nínú fíìmù méjèèjì, èwo ni kí òun kọ́kọ́ wò?

Èmi alábòójútó ni mo kọ́kọ́ dá a lóhùn. Mo ṣàlàyé fún un pé Odi Amọ̀ tó kọ́kọ́ jáde, apá mẹ́rìndínlógún, ìtàn ogun tó ká ìlú mọ́ àti Jagun Àkàndé tó ń ṣọ́ ibodè, òun là ń pè ní Táyé. Èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, apá méjìlá, ìgbà èwe Jagun nígbà tí wọn ò tíì mọ odi rárá, òun là ń pè ní Kẹ́hìndé, torí pé òun ló kẹ́yìn dé, síbẹ̀ òun ni ẹ̀gbọ́n. Mo ní kó wo Táyé ṣáájú.

Zubaidah tó ń ta oògùn ní Olódò ní kí ló dé tí èèyàn á fi kí àbúrò kó tó kí ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Mọ́rúfù, tíṣà ní Lálúpọn, ní ẹni tó bá kọ́kọ́ wo Kẹ́hìndé ti ba adùn jẹ́ fún ara rẹ̀, torí á ti mọ ìwà Ìyàndá ọ̀rẹ́ Jagun, kò ní yà á lẹ́nu mọ́ nígbà tó bá ṣílẹ̀kùn ibodè fún ọ̀tá. Ó ní bí ẹni tó ṣe é bá ṣe tò ó ni kí a ṣe wò ó. A kò gbọdọ̀ fo nǹkan kan, a kò gbọdọ̀ gé nǹkan kan. Zubaidah bi í pé ta ló fi í ṣe aṣọ́bodè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ti ìyá ẹni àti bàbá ẹni.

Najeem ní kí a má bínú, òun á kàn máa gbé èrò òun lọ.

Ẹ̀yìn Mọ́rúfù ni mo wà. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, mo ti fóònù pa.

Àìkú, 12 Ṣẹ́rẹ́

Mọ́rúfù ní ọwọ́ òsì ni àpá Jagun wà nínú Kẹ́hìndé, pé ọwọ́ ọ̀tún ló wà nínú Táyé. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ki fíláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n, mo ṣí Kẹ́hìndé láti apá kìn-ín-ní kí n lè mú un. Oòrùn ti ń wọ̀, Màmá ti gbé báàgì, wọ́n ti ń gba iwájú mi kọjá.

Wọ́n dúró. "Ta nìyẹn?"

"Jagun Àkàndé ni, Màmá."

"Àkàndé," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n jókòó.

Àkàndé ni oríkì Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti ń wo nǹkan yìí, kò sọ sí mi lọ́kàn rí, torí Màmá nìkan ló máa ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. Fún àwa ọmọ, Bàbá ni wọ́n.

Màmá kò dìde títí ilẹ̀ fi ṣú. Apá méjì la wò. Ọwọ́ ọ̀tún ni àpá náà wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò rántí sọ fún Mọ́rúfù.

Ọjọ́rú, 15 Ṣẹ́rẹ́

Ó di ọjọ́ kẹta tí mo ti ń jẹ oúnjẹ alẹ́ ní gbígbóná. Màmá jókòó, Jagun ń bá àgbẹ̀ kan jà lórí ààlà oko, èmi ń ro àmàlà. Gàásì tún ti wọ́n sí i. Kò dùn mí tó bó ṣe yẹ.

Àbámẹ́ta, 18 Ṣẹ́rẹ́

Kẹ́hìndé parí lónìí. Apá kejìlá ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, níbi tí gbogbo ìlú ti jáde wá mọ odi, tí Jagun àti Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀, tí wọ́n ń ta á síra wọn lójú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí àwòrán fi tán.

Màmá fọwọ́ lérán. Wọ́n ní, "Omi rẹ̀ kò tó."

Mo ní kí ni.

"Amọ̀ yẹn. Wò ó bó ṣe ń sán. Ọdún tí a kọ́ ilé abà, èmi ni mò ń pọn omi, Àkàndé ń pò ó. Mo ní, 'Jẹ́ n bu omi sí i.' Ó ní ó ti tó. Mo ní kò tó. Ó ní ta ni ọkùnrin nínú wa. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ògiri rẹ̀ là láti òkè délẹ̀." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "N kò dákẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn fún un títí di òní."

Ó ti tó ọdún kan tí n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo dibọ́n pé mò ń wá nǹkan nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìṣẹ́gun, 21 Ṣẹ́rẹ́

Táyé la ń wò báyìí. Màmá kò gba Ìyàndá gbọ́ rárá. Bó bá ti yọjú, wọ́n á ní, "Ẹni yìí ti tún dé." Ẹni tí kò rántí pé òun ti jẹun rántí ìwà tí Ìyàndá hù nínú Kẹ́hìndé. Ó yẹ kí Mọ́rúfù gbọ́ èyí.

Ìyá Praise tó wà ní ilé kejì yà wá kí wa pẹ̀lú àwọn ìbejì rẹ̀, Praise àti Promise. Praise ló ń rán Promise níṣẹ́ káàkiri ilé mi: lọ bu omi wá, lọ gbé bàtà mi. Ìyá wọn kò fìgbà kan pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn kò fẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 26 Ṣẹ́rẹ́

N kò lè kọ nǹkan kan lánàá.

Èmi tí mo ti wo Táyé lẹ́ẹ̀mẹrin, èmi tí mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn nínú ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní apá kẹtàlá. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀, tí mò ń ṣa ẹ̀wà, tí mo jẹ́ kí apá kẹtàlá bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ̀ mí débi pé mo gbàgbé ẹni tó jókòó tì mí.

Wọ́n gún Jagun lẹ́yìn odi. Àwọn ará ìlú tilẹ̀kùn ibodè, wọ́n fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ níta. Mo fo dìde láti pa tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n Màmá ti rí i. Wọ́n tú gèlè. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, "Ta ló máa gbé e?" Wọ́n ń bi mí bẹ́ẹ̀ títí, mo sì ń sọ pé eré ni, Màmá, eré ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò láàánú lójú.

Lónìí wọn ò jẹun. Wọn ò mọ ohun tó ń dùn wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ó ń dùn wọ́n.

Ajé, 27 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n gbé báàgì nírọ̀lẹ́. Mo fi Kẹ́hìndé sí i, wọ́n jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Apá méjìlá kò ní pẹ́ tán, n kò sì mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e.

Mo kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́. N kò sọ fún wọn rí pé Màmá ń ṣàìsàn. Mo kàn kọ ọ́ bó ṣe wà: ìyá mi ń gbàgbé, Odi Amọ̀ nìkan ló ń mú wọn jókòó nírọ̀lẹ́, Jagun ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pe bàbá mi, bàbá mi sì ti kú. Bí Màmá bá tún jáde nílé, ẹ̀gbọ́n mi máa gbé wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè tò ó tí Jagun kò fi ní kú?

Ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn fún ìgbà pípẹ́. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ẹgbẹ́ yẹn.

Ọjọ́rú, 29 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́. Zubaidah ní kí a wo Kẹ́hìndé tán, ká wọ Táyé, ká dúró ní apá kẹwàá, ká tún padà sí Kẹ́hìndé. Ẹnì kan láti Ẹ̀gbẹ́dá rán wa létí pé wọ́n lá àlá ikú Jagun ní apá karùn-ún. Wọ́n jiyàn lórí àlá yẹn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, bóyá àlá jẹ́ ikú. Ẹlòmíràn ní apá kẹwàá kò ṣe é parí sí, torí ariwo ogun ni wọ́n fi kádìí rẹ̀.

Mọ́rúfù kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ó ń bínú.

Àbámẹ́ta, 1 Èrèlé

Mọ́rúfù pè mí. A kò tíì gbọ́ ohùn ara wa rí. Ohùn rẹ̀ kéré sí ìjà rẹ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, mà," ó ní. "Mo ti gé e."

"Ẹ gé kí ni?"

"Táyé. Mo yọ àlá yẹn kúrò. Mo yọ ogun. Ẹ rántí ibi tí Jagun ti dágbére fún Àjíkẹ́ ní apá kẹsàn-án, tó ní òun ń lọ wo oko? Ibẹ̀ ni mo fi parí rẹ̀. Ó juwọ́ sí i, ó yà sọ́nà oko, ó tán." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí àwọn yòókù mọ̀ pé èmi ni."

Mo ní kí Ọlọ́run bá mi san án fún un. Ó ní ìyá òun náà ṣe irú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ, pé nígbà yẹn rédíò nìkan ló wà.

Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé

Ó ń ṣiṣẹ́. Jagun lọ wo oko. Màmá ní, "Kó má pẹ́ o." Wọ́n lọ sùn.

Ajé, 10 Èrèlé

Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ooru ti bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ ti ń lọ.

Ẹtì, 14 Èrèlé

Mo ń kọ èyí láàárọ̀, n kò tíì lọ síbi iṣẹ́, n kò sì mọ̀ bóyá mo máa lọ.

Lánàá, àlejò dé láti Àbújá wá wo ẹ̀gẹ́ wa, ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé ní àsìkò. Mo pe Ìyá Praise. Mo ní kó bá mi jókòó ti Màmá, pé fíláàṣì ti wà lára tẹlifíṣọ̀n. Táyé tí Mọ́rúfù gé ti parí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí náà mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ló kàn. Ẹ ṣáà ti fi ẹ̀gbọ́n sí i fún wọn." Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ lójoojúmọ́ nínú ẹgbẹ́. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú fíláàṣì, Ìyá Praise rí Táyé, ó rí Kẹ́hìndé. Nínú ilé tirẹ̀, Praise ló kọ́kọ́ jáde, Praise sì ni ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìbí nìyẹn, bí pásítọ̀ sì ṣe sọ nìyẹn. Ó fi Táyé sí i. Kì í ṣe èyí tí Mọ́rúfù gé, èyí tó pé ni. Tẹlifíṣọ̀n yẹn kì í gbàgbé ibi tí a bá dúró sí. Apá kẹtàlá ni a ti dúró, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní òun kàn lọ gbé ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Nígbà tó padà dé, géètì ti ṣí sílẹ̀.

Mo gba ojú pópó wá bí wèrè. Mo fi àwòrán Màmá sínú ẹgbẹ́. Zubaidah pe gbogbo ẹni tó mọ̀ ní ọ̀nà ibí. Mọ́rúfù gbé ọkọ̀ láti Lálúpọn. Mo dé títì Mọ́níyà, mo dé ọjà, mò ń bi àwọn tó ń dín àkàrà. Mo ń bínú sí Ìyá Praise, mo ń bínú sí àwọn ará Àbújá, mo sì ń bínú sí Bàbá pé wọ́n kú.

Najeem ló rí wọn. Ó ní òun rò ó pé bí wọ́n bá ń wá Jagun, ọ̀nà oko ni wọ́n máa gbà. Nítorí náà ó bi àwọn aládùúgbò wa ní ọ̀nà oko Bàbá, ó sì já ọ̀kadà rẹ̀ síbẹ̀, níbi tí koríko ti bò. Màmá wà lábẹ́ igi ìyeyè. Wọ́n ti tú gèlè, wọ́n ti ká a ní òṣùká, wọ́n gbé e lérí.

"Mo ní, 'Màmá, kí lẹ ń ṣe níbí?'" Najeem ń sọ ọ́ fún mi, kò wo ojú mi. "Wọ́n ní wọ́n ti pa Àkàndé sẹ́yìn odi, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn wá gbé e. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e lérí."

Mo bi í pé kí ló wá sọ. Ó ní òun sọ pé wọ́n ti gbé e wálé, kí wọ́n gun ọ̀kadà ká lọ bá a.

Ẹsẹ̀ Màmá ya. Mo wẹ̀ ẹ́ fún wọn, mo fi òróró pa á. Mo ní kí Najeem mú owó epo, kò gbà.

Ìyá Praise sunkún lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n lẹ ní kí n fi sí i. Ẹ̀gbọ́n ni mo fi sí i." Mo ní kó wọlé.

Ọ̀rọ̀ ti dé Ìkòròdú. N kò mọ ẹni tó sọ. Bọ̀dá ní àwọn ń bọ̀ lọ́la.

Àbámẹ́ta, 15 Èrèlé

Bọ̀dá dé kí n tó jí dáadáa. Wọ́n wo ẹsẹ̀ Màmá. Wọ́n wọ yàrá Màmá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

"Mo sọ fún ẹ," wọ́n ní.

"Ẹ sọ fún mi."

"Fíìmù, Àdúràọlá. Fíìmù lo fi ń tọ́jú ìyá wa."

Mo ní òun ni. Mo ní kí ni wọ́n fi ń tọ́jú Màmá, láti Ìkòròdú. Ó jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. N kò bá wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n má gbé Màmá lọ lónìí. Kí wọ́n wo ìrọ̀lẹ́ kan péré. Bí wọ́n bá wò ó tán tí wọ́n ṣì fẹ́ lọ, èmi fúnra mi ni màá gbé báàgì sínú ọkọ̀.

Wọ́n ní, "Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la nìkan ni." Màmá ń bi wá pé ta ló ń rìnrìn àjò.

Àìkú, 16 Èrèlé

Kẹ́hìndé, apá kejìlá. Mo fo gbogbo àwọn yòókù. N kò ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn.

Màmá jókòó sáàárín wa. Báàgì wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀dá ká ọwọ́ lé àyà bí ẹni tó wá wo iṣẹ́ birikìlà tí kò fẹ́ sanwó rẹ̀. Jagun àti Àjíkẹ́ ń po amọ̀. Màmá ní omi rẹ̀ kò tó. Mo wo Bọ̀dá. Wọ́n ti gbọ́ ìtàn ògiri tó là yẹn nígbà tí wọn ò tíì bí mi, mo rí i lójú wọn.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá kò lè fi òótọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yìí máa kú nígbẹ̀yìn?"

Mo na ọwọ́ sí wọn.

Màmá kò yí ojú kúrò. "Mo mọ̀," wọ́n ní. "Ó ti kú. Mo lọ gbé e, n kò bá a níbẹ̀."

Mo fa ọwọ́ mi padà.

"Ibi tí kò tíì kú ni mò ń wò yìí," Màmá ní. "Sún, Dọ̀tun. O ń dí mi lójú."

Bọ̀dá sún. Ó ti pẹ́ gan-an tí Màmá ti pe orúkọ ọmọ kan láàárín wa láìṣì í.

Nígbà tó tán, Bọ̀dá lọ sẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bọ́jú nídìí kànga, wọ́n bọ́ ọ pẹ́. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé báàgì padà sí yàrá, wọ́n ní kí n wá géètì tó ń ti ara rẹ̀, àwọn á rí sí i.

Ajé, 24 Èrèlé

Géètì ti wà. Ó ń pariwo bí ẹran tí wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n ó ń tì.

Mo yọ Táyé tó pé kúrò nínú fíláàṣì pátápátá. Mo lẹ ìwé mọ́ tẹlifíṣọ̀n fún Ìyá Praise: ÈYÍ TÍ WỌ́N TI Ń PO AMỌ̀. Ó ní èyí yé òun.

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlé

Bọ̀dá ti wọ ẹgbẹ́ wa. Èmi kọ́ ni mo fi wọ́n sí i, Najeem ni. Ìbéèrè tí Najeem béèrè níjọ́sí gan-an ni wọ́n béèrè. Ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń bá Zubaidah jà pé Táyé ló yẹ kí a máa wò ṣáájú, torí òun ni òótọ́ bó ṣe jáde. Mọ́rúfù dákẹ́. Mo mọ̀ pé kò ní lè ti ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn mọ́ láyé rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà

Ooru. Màmá kò sùn, èmi náà kò sùn. Zubaidah ń gbààwẹ̀, kò ráyè jà. Mo fi orí lé tábìlì ní ọ́fíìsì, mo sùn, ọ̀gá rí mi, wọ́n sì kọjá lọ.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó rẹ̀ mí, kí ó wà níbì kan. Kì í ṣe pé nǹkan burú. Ó kàn rẹ̀ mí.

Àbámẹ́ta, 8 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ láàárọ̀ yìí. Òórùn ilẹ̀ gba gbogbo ilé. Bọ̀dá ti wà níbí láti àná. Wọ́n ń wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì báyìí, wọ́n ní kí n lè máa sùn. Mo sùn lóòótọ́. Nígbà tí mo jáde sí pálọ̀, Bọ̀dá ń fi ṣíbí fún Màmá ní ògì, òjò sì ń lu páànù.

Màmá gbé ojú sókè. "Bàbá yín dà?"

Bọ̀dá ni wọ́n bi. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀dá gbé ṣíbí dání, ògì ń kán sórí tábìlì.

"Wọ́n ń po amọ̀, Màmá," Bọ̀dá ní.

Màmá mi orí. Wọ́n wo òjò lójú fèrèsé díẹ̀. "Omi rẹ̀ kò tó," wọ́n ní. "Lọ bá a bu omi sí i."

Bọ̀dá gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n mú korobá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì jáde sínú òjò.